Orí Òkè Tàbí Etí Odò: Yíyan Ibi Ìpàgọ́ ní Ìgbèríko Wisconsin

Ẹni tó bá fẹ́ lọ pàgọ́ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Wisconsin, kó tó béèrè iye owó tí wọ́n ń gbà lálẹ́, kó tó béèrè bóyá iná mànàmáná wà níbẹ̀, ohun kan ló yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: ṣé orí òkè ni mo fẹ́ sùn ni, àbí ìsàlẹ̀ létí odò? Àwọn àwòrán tí a ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í dáhùn ìbéèrè yìí. Nínú àwòrán, gbogbo koríko ló ń tutù yọ̀yọ̀, gbogbo àgọ́ ló dúró ṣánṣán, gbogbo ọmọdé ló ń rẹ́rìn-ín. Kò sí èyí tó sọ fún yín pé òru etí odò tutù ju ti orí òkè lọ, pé nẹ́tíwọ̀kì kò dé ibẹ̀, tàbí pé odò tó ń ṣàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́yìn àgọ́ yẹn ti bo ojú títì mọ́lẹ̀ rí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Chicago, Milwaukee tàbí Minneapolis ló gbà pé àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà tẹ́ bí ẹní. Wọn kò parọ́. Ẹni tó bá wakọ̀ gba àríwá Illinois kọjá, oko àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì títí oorun á fi fẹ́ gbé e. Àmọ́ ibì kan wà tí gúúsù ìwọ̀-oòrùn Wisconsin, gúúsù ìlà-oòrùn Minnesota, àríwá ìlà-oòrùn Iowa àti igun kékeré kan ní Illinois ti pàdé. Driftless ni wọ́n ń pè é. Ní ìgbà yìnyín tó kẹ́yìn, nígbà tí yìnyín ńláńlá ń rọra wọ́ bọ̀ láti apá Kánádà, tó ń lọ ilẹ̀ kúnná, tó ń dí àfonífojì bó ṣe ń bọ̀, ó yà fún agbègbè yìí, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, àwọn odò ibẹ̀ kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọ́n ń gbẹ́ òkúta lọ láti ayébáyé, títí ilẹ̀ náà fi di òkè gbọọrọ tí àwọn àgbẹ̀ ń dáko sórí rẹ̀, àti àfonífojì tóóró tí omi tútù ń sun láti ìdí àpáta rẹ̀. Ọ̀nà ọkọ̀ pàápàá, bí kò bá tẹ̀lé orí òkè, odò ló ń tẹ̀lé. Ibi ìpàgọ́ náà kò yàtọ̀.

Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ. Bí oòrùn bá ti wọ̀, tí ojú ọ̀run sì mọ́, afẹ́fẹ́ tó tutù lórí òkè á máa ṣàn lọ sísàlẹ̀, á kóra jọ sínú àfonífojì, ibẹ̀ ni yóò wà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìkùukùu fi máa ń bo etí odò láàárọ̀ nígbà tí àwọn tó wà lórí òkè ti ń yá oòrùn. Àwọn tó ń gbin ápù ní Gays Mills ti mọ èyí tipẹ́. Ìlú wọn wà nísàlẹ̀ létí Odò Kickapoo, ṣùgbọ́n orí òkè ni ọgbà ápù wọn wà, kí òtútù òru má baà pa òdòdó igi náà nígbà ìrúwé. Ohun tó dára fún òdòdó ápù dára fún ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń sùn nínú àgọ́. Tó bá jẹ́ oṣù Karùn-ún tàbí òpin oṣù Kẹsàn-án lẹ fẹ́ lọ, tí ẹ sì ní ọmọ kékeré tàbí màmá àgbà tí eegun ń ro, ẹ wá orí òkè. Àárín oṣù Keje ni àfonífojì ń fi dídùn tirẹ̀ hàn: òru ibẹ̀ á tu yín lára nígbà tí ooru bá ń da àwọn ará ìlú ńlá láàmú, ẹ̀fọn nìkan ni ẹ ó máa bá jà.

Ọ̀rọ̀ omi tún le ju ọ̀rọ̀ òtútù lọ. Odò Kickapoo gùn tó 126 máìlì, bẹ́ẹ̀ bí ẹyẹ bá fò tààrà láti orísun rẹ̀ dé ibi tó ti wọnú Odò Wisconsin, kò ní fò tó ìdajì ìyẹn, nítorí odò náà kì í lọ tààrà rárá. Ó ń yà, ó ń ṣẹ́rí padà, ó ń fẹ́ẹ̀ pàdé ara rẹ̀ lọ́nà. Àfonífojì rẹ̀ há, òkè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gbogbo òjò tó bá sì rọ̀ lókè, inú rẹ̀ ló ń bọ̀. Omi ya wọ àwọn ìlú etí rẹ̀ ní ọdún 2007, ó tún yà wọ̀ wọ́n ní 2008. Nígbà tó di òpin oṣù Kẹjọ ọdún 2018, òjò ńlá kan já ìdídò márùn-ún ní agbègbè Coon Creek àti West Fork Kickapoo, bẹ́ẹ̀ torí kí omíyalé má baà ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn ìdídò náà. Àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: lẹ́yìn omíyalé ọdún 1978, àwọn ará Soldiers Grove kó àwọn ṣọ́ọ̀bù wọn kúrò létí odò lọ sórí ilẹ̀ gíga, wọ́n sì kọ́ àwọn ilé tuntun tí oòrùn ń mú inú wọn gbóná nígbà òtútù. Ibi tí ọjà wà tẹ́lẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́. Ẹ rántí èyí bí ẹ bá ń yan ibi ìpàgọ́ ní àwọn ìlú kéékèèké: ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ilẹ̀ títẹ́jú tó rẹwà létí omi, tí wọ́n ń fún àlejò ní owó pọ́ọ́kú, ni ilẹ̀ tí onílùú fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kọ́lé sí.

Èmi kò ní kí ẹ má sùn sétí odò o. Mo ní kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti omi ní òṣùwọ̀n nínú odò náà, wọ́n sì ń gbé bí omi ṣe ga tó sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó kí ẹ tó kúrò nílé, torí bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ sínú àfonífojì, fóònù lè má mú nǹkan kan mọ́. Rédíò kékeré tó ń gba ìròyìn ojú ọjọ́, tó ń lo bátìrì, wúlò níbẹ̀ ju fóònù olówó ńlá lọ. Ẹ sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìkìlọ̀ méjì tí wọ́n máa ń kéde lórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní “watch” ń sọ pé ìjì tàbí omíyalé lè wáyé. “Warning” ń sọ pé ó ti dé tàbí ó ti fẹ́ dé, ẹ dìde. Bí ẹ bá dé ibi ìpàgọ́, kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ léèrè ilé tí àwọn ènìyàn ń sá sí bí tọ̀nédò bá ń bọ̀. Àgọ́ kì í ṣe ibi ààbò, ọkọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Ilé ìwẹ̀ tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ ni ìdáhùn tí ẹ máa ń gbọ́ jù.

Orí òkè ní wàhálà tirẹ̀. Atẹ́gùn ibẹ̀ lè fa àgọ́ tu tí wọn kò bá kan èèkàn rẹ̀ dáadáa, mànàmáná sì fẹ́ràn ibi gíga. Ohun tó burú jù níbẹ̀ báyìí ni igi ash tó ti kú. Kòkòrò aláwọ̀ ewé kan láti Éṣíà, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní apá Detroit ní ọdún 2002, dé Wisconsin ní 2008, ó sì ń gbẹ́ abẹ́ èèpo igi náà títí igi á fi kú lóòró. Ẹ gbójú sókè kí ẹ tó tẹ́ àgọ́. Bí igi tó ṣíji bo ibẹ̀ kò bá ní ewé ní oṣù Kẹfà, ibòmíràn ni kí ẹ lọ.

Kòkòrò yẹn náà ló fa òfin igi ìdáná tó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Nínú àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ Wisconsin, igi tí wọ́n gé ní ibi tó jìnnà ju máìlì mẹ́wàá sí ọgbà náà kò gbọdọ̀ wọlé, àfi tó bá ní àmì ẹ̀rí ìjọba pé wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Ìdin kòkòrò náà ń wọ ọkọ̀ wa, à ń fi ọwọ́ ara wa gbé e lọ sí igbó tí kò tíì dé. Ẹ fi igi ilé sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà, àpótí owó á wà níbẹ̀, olówó lè má sí nítòsí.

Bí a bá ti yanjú ọ̀rọ̀ òkè àti odò, ohun tí a fẹ́ ṣe ló kàn. Ibẹ̀ ni mo ti rò pé ọ̀pọ̀ ń ṣe é lódì: wọ́n á kọ́kọ́ rí ibi tó rẹwà, wọ́n á san owó, wọ́n á dé ibẹ̀ tán kí wọ́n tó máa bi ara wọn pé kí la máa ṣe ní gbogbo ọ̀sán yìí? Ó sàn kí iṣẹ́ ọ̀sán yan ibùsùn alẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ní kánúù ló wù yín, ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń fi àjẹ̀ wà. Wildcat Mountain State Park, nítòsí abúlé Ontario, ni n ó ní kí ẹ lọ, nítorí pé ó kó ohun méjèèjì pọ̀: ibi ìpàgọ́ rẹ̀ wà lókè, odò Kickapoo ń ká ẹsẹ̀ òkè náà nísàlẹ̀. Ẹ ó sùn níbi gbígbẹ, ẹ ó ṣeré nínú omi. Ní Ontario, àwọn onílé-iṣẹ́ kéékèèké ń fi kánúù háyà, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ gbé ènìyàn padà láti ibi tó bá ti gúnlẹ̀. Àwọn afárá tó dábùú odò náà ló ní nọ́ńbà, òun ni wọ́n fi ń júwe ìrìn: ẹ sọ̀ ní afárá báyìí, ẹ gòkè ní afárá báyìí. Odò náà kéré, kò jìn púpọ̀ nígbà tí omi bá wà ní ìwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n àpáta iyanrìn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga, ó yọrí bo omi, ewéko tó fẹ́ràn òjìji sì ń hù lára rẹ̀ níbi tí omi ti ń kán tó tó tó. Ewu rẹ̀ kì í ṣe jíjìn. Igi tó wó dábùú omi ni. Omi á kọjá láàárín ẹ̀ka rẹ̀, ènìyàn kò ní lè kọjá, agbára omi á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí i lókèèrè, ẹ gúnlẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ rìn lórí ilẹ̀. Kí gbogbo yín wọ ẹ̀wù tó ń léfòó, títí kan ẹni tó sọ pé òun mọ omi wẹ̀ láti kékeré.

Ìtàn tó wà lára odò yìí kò yẹ kí ènìyàn wà kọjá láìgbọ́. Ní ọdún 1962, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ́ ìdídò ńlá kan sí La Farge kí omíyalé lè dáwọ́ dúró. Wọ́n ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìdílé àgbẹ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún, wọ́n kó wọn kúrò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1971, nígbà tó sì di 1975, owó tó ń ga sí i àti ìbẹ̀rù ohun tí yóò ṣe sí omi àti igbó mú kí wọ́n pa á tì. Ilé gogoro kọnkéré rẹ̀ ṣì dúró níbẹ̀ tí kò dí omi kankan. Àwọn àgbẹ̀ kò gba ilẹ̀ wọn padà. Ilẹ̀ tó tó 8,600 éékà ni ó di Kickapoo Valley Reserve, tí ìpínlẹ̀ Wisconsin àti Orílẹ̀-èdè Ho-Chunk, àwọn tó ni ilẹ̀ kí àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun tó dé, jọ ń bójú tó. Ẹ lè pàgọ́ níbẹ̀, kódà ẹ lè fi kánúù dé àwọn ibi kan, àmọ́ ìpàgọ́ tí kò ní gbẹ̀fẹ́ ni: kò síná, ṣáláńgá ni ilé ìgbẹ́, omi mímu sì di ohun tí ẹ fúnra yín ń gbé dání. Ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó wọlé. Fún ẹni tí ariwo ìlú ti sú, mi ò mọ ibi tó dára jù ú lọ ní agbègbè náà. Fún ẹni tó ń pàgọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, n kò ní gbà á nímọ̀ràn.

Tó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ ni, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá, nítorí ìlú kéékèèké ni ẹ ó máa sùn sí. Láti Elroy dé Sparta, nǹkan bíi máìlì 32, ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ni wọ́n sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ rà á ní ọdún 1965 lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin ti fi í sílẹ̀, wọ́n sì máa ń kà á sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Níwọ̀n bí ọkọ̀ ojú irin kò ti lè gun òkè tó ga, ọ̀nà náà tẹ́jú dé ibi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ á gùn ún láìrojú. Níbi tí òkè ti di ọ̀nà, wọ́n gbẹ́ ihò gba inú rẹ̀ kọjá. Ihò mẹ́ta ló wà. Èyí tó gùn jù, láàárín Norwalk àti Sparta, gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 3,810, ìyẹn nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin máìlì, ó sì ti wà láti ọdún 1873. Iná kankan kò sí nínú rẹ̀. Omi ń kán láti orí àpáta, òtútù rẹ̀ a máa mú ènìyàn nínú ooru oṣù Kẹjọ, bí ẹ bá sì dé àárín, ẹnu ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé á ti kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Ṣe ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ máa ti kẹ̀kẹ́ lọ, kí olúkúlùkù mú tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ dání. Tọ́ọ̀ṣì fóònù kò tó. Ilẹ̀kùn ràgàjì ràgàjì wà lẹ́nu ihò náà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń lọ, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣí i fún ọkọ̀ kó sì tún tì í, kí yìnyín má baà dì sínú ihò kó sì fọ́ àpáta. Títí di òní, wọ́n ń tì í nígbà òtútù. Ẹni tó bá ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ ra ìwé àṣẹ kó tó gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà yìí. Wilton, abúlé tó wà lágbedeméjì ọ̀nà náà, ní ibi ìpàgọ́ létí ọ̀nà gan-an, ibẹ̀ ló sì bọ́gbọ́n mu jù láti sùn tí ẹ bá fẹ́ pín ìrìn náà sí ọjọ́ méjì.

Àwọn apẹja ní tiwọn kò ní bi yín ju omi lọ. Omi ìsun tó ń ti ìdí àpáta jáde tutù tẹ̀ẹ̀rùn tòjò, ẹja tíráòtù tí wọ́n ń wá kò sì lè gbé inú omi gbígbóná. Ẹni tó bá ti pé ọdún 16 nílò láísẹ́ǹsì àti òǹtẹ̀ tíráòtù lórí rẹ̀. Ní agbègbè Coon Valley, ẹ ó rí oko tí wọ́n kọ ebè rẹ̀ yí òkè ká dípò kó dà gẹ̀rẹ́. Iṣẹ́ ọdún 1933 nìyẹn, nígbà tí àgbàrá ti fẹ́ gbá ilẹ̀ oko tán, tí ìjọba àpapọ̀ sì fi ibẹ̀ ṣe ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe lè dáàbò bo ilẹ̀ àti omi gbogbo àfonífojì kan pọ̀. Bí ilẹ̀ kò bá ṣàn wọnú odò mọ́, omi á mọ́, ẹja á padà.

Ẹni tó kan fẹ́ jókòó wo ilẹ̀, kó rìn díẹ̀, kó jẹun dáadáa, Wyalusing State Park ni tirẹ̀. Orí àpáta tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 500 ni, níbi tí Odò Wisconsin ti wọnú Mississippi. Ibẹ̀ ni Marquette àti Jolliet, àwọn arìnrìn-àjò tó ń sọ èdè Faransé, gbà já sínú Mississippi ní oṣù Kẹfà ọdún 1673. Àwọn ààyè àgọ́ kan wà ní bèbè òkè náà tó jẹ́ pé odò méjèèjì ni ẹ ó máa wò bí ẹ bá ń mu tíì àárọ̀. Àwọn ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ tán. Ẹni tó ní ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn kò gbọdọ̀ jà fún wọn. Ibi ìpàgọ́ kejì nínú ọgbà náà jìnnà sí bèbè, àwọn ọmọ á ráyè sáré. Lórí òkè náà ni wọ́n gbé òkúta ìrántí kan sí ní 1947 fún irú ẹyẹlé igbó kan tó pọ̀ ní Wisconsin láyé ọjọ́un débi tó ń ṣú ojú ọ̀run, tí àwọn ọdẹ sì pa tán. Èyí tó kẹ́yìn kú ní Cincinnati ní 1914. Ní òdìkejì Mississippi, ní Iowa, Effigy Mounds wà, níbi tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ìgbàanì ti mọ òkìtì tó lé ní 200, àwọn kan ní ìrísí béárì, àwọn kan ní ìrísí ẹyẹ. Ilẹ̀ ọ̀wọ̀ ni, wọn kì í pàgọ́ níbẹ̀.

Ẹ ó ti gbọ́ orúkọ Devil's Lake, nítòsí Baraboo. Kò sí ọgbà ìgbafẹ́ tí ènìyàn ń lọ tó o ní gbogbo Wisconsin, láti 1911 ló sì ti wà. Adágún náà lẹ́wà, òkè òkúta méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dára láti gùn, èmi kò sì ní bá ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ní Sátidé oṣù Keje, ibi ìgbọ́kọ̀sí ni ẹ ó fi ọ̀sán wá. Ẹ lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tàbí kí ẹ yà síbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí ẹ sì lọ sùn níbòmíràn. Ẹ̀ṣọ́ tó ń yọ ẹni tó fẹ́ rì kò sí ní etí adágún náà, ẹ mójú tó àwọn ọmọ yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwa fúnra wa. Ilé wa kì í fẹ́ lọ síbi kan ní méjì-méjì. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyá ọkọ, ọ̀rẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtàwọn ọmọ wọn, gbogbo wa la jọ ń lọ, ìkòkò ìrẹsì á sì tẹ̀lé wa. Ní àwọn ọgbà ìpínlẹ̀ Wisconsin, ìdílé kan tàbí ènìyàn mẹ́fà tí kì í ṣe ìdílé kan ni ààyè kan wà fún. Kí ẹ má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wá máa ka orí yín lálẹ́, ẹ gba ààyè àwùjọ, èyí tí wọ́n ṣe fún èrò púpọ̀. Ó máa ń jìnnà sí àwọn yòókù, ẹ̀rín yín kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Láti aago 11 alẹ́ títí di 6 òwúrọ̀, kí ariwo dákẹ́, rédíò àti jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú. Oúnjẹ tó bá kù, inú ọkọ̀ ni kí ó sùn. Ẹranko kékeré kan tí ojú rẹ̀ dúdú bí ẹni pé ó so aṣọ mọ́ ọn, raccoon ni wọ́n ń pè é, mọ bí a ṣe ń ṣí kúlà.

Eégbọn igbó ibẹ̀ náà kì í ṣe ẹran ìṣeré. Irú kan nínú wọn ló ń kó àrùn Lyme ranni, èyí tó ṣì kéré lára wọn, tó máa ń pọ̀ láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Keje, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ẹ fún oògùn permethrin sára aṣọ nílé kí ẹ tó lọ, ẹ yẹ ara àwọn ọmọ wò ní alaalẹ́: abíyá, ẹ̀yìn etí, ìdí irun, abẹ́ orúnkún. Kì í sábà kó àrùn náà ranni kó tó pé ọjọ́ kan lára, torí náà ẹni tó yẹ ara wò lálẹ́ ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Lẹ́bàá títì, ẹ ṣọ́ra fún ewéko gíga olódòdó aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń pè ní wild parsnip. Bí oje rẹ̀ bá kan ara, tí oòrùn sì pa á, á bó ara bí omi gbígbóná.

Ààyè àwọn ọgbà ìpínlẹ̀ ń ṣí sílẹ̀ ní oṣù mọ́kànlá ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ dé, àwọn òpin ọ̀sẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ń tán kíákíá. Ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà Illinois tàbí Minnesota máa ń san owó ìwọlé ju ti onílé lọ, ẹ fi sínú ìṣirò. Ẹni tí kò bá tètè ṣe é kò ní láti jókòó sílé. Àwọn ènìyàn máa ń fagi lé tiwọn bí ọjọ́ bá súnmọ́, ìrọ̀lẹ́ Àìkú sí Ọjọ́bọ̀ sì máa ń ṣófo. Ní Iowa, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 99 ló ní ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọgbà àti igbó tirẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ní ibi ìpàgọ́ tí owó rẹ̀ kò wọ́n, tí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ń gbà.

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú lẹ máa dé agbègbè Cashton tàbí Hillsboro, ẹ ra ohun tí ẹ máa jẹ kí ẹ tó dé. Ibùgbé àwọn Amish ni ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Búrẹ́dì àti páì wọn dára púpọ̀, àmọ́ wọn kì í tajà lọ́jọ́ ìsìn. Ẹ rọra wakọ̀ bí ẹ bá ń gun orí òkè tí ẹ kò rí òdìkejì rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹṣin lè wà níwájú, ẹ má sì ya fọ́tò àwọn tó wà nínú rẹ̀, wọn kò fẹ́ ẹ.